Báwo Ni A Ṣe Ń Ka Ẹranko Tí Òkun Bò Mọ́lẹ̀?

Olùkọ́ kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ní Ìwòpin, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ògùn Waterside, kọ̀wé sí mi nípa ọmọ àbúrò rẹ̀ tó ń gbé ní Scotland. Ní òpin ọ̀sẹ̀, ọmọ náà máa ń bá àwọn kan lọ sí etíkun láti ka ẹranko òkun kan tí wọ́n ń pè ní sílì, ó sì ń fi àwòrán wọn ránṣẹ́ sílé. Ìbéèrè olùkọ́ náà nìyí: “Ẹranko tó jẹ́ pé abẹ́ omi ló ń gbé jù, tó jẹ́ pé orí rẹ̀ nìkan ló ń yọ, báwo ni ènìyàn ṣe lè fọwọ́ sọ̀yà pé iye báyìí ló wà? Ṣé kì í ṣe pé wọ́n ń méfò? Bí wọn kò bá sì méfò, ǹjẹ́ èmi àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lè fi irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ ka àwọn alábahun òkun tó ń gòkè wá yé ẹyin ní etíkun tiwa?”

Olùkọ́ wa, ẹ ṣeun tí ẹ béèrè. Wọn kò méfò, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò sì ka gbogbo rẹ̀ tán. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n ń ka ìwọ̀nba tó hàn sí ojú, ní àkókò tí wọ́n ti yàn, ní ọ̀nà kan náà láti ọdún dé ọdún; lẹ́yìn náà ni wọ́n wá fi ẹ̀rí mìíràn wádìí ohun tí ìwọ̀nba yẹn jẹ́ nínú gbogbo rẹ̀. Orí èyí ni gbogbo iṣẹ́ náà dúró lé. Ẹni tí kò bá di í mú lè rin etíkun fún ọdún mẹ́wàá kó má rí nǹkan kan sọ nípa ẹranko náà, mo sì mọ ohun tí mo ń sọ, bí ẹ óò ti rí i níwájú.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹranko tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Sílì kì í ṣe ẹja. Ẹranko afọ́mọlọ́mú ni, ó ń mí sí afẹ́fẹ́ bíi tiwa, irun bò ó lára, ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì ti fẹ̀ bí àjẹ̀ tí a fi ń wa ọkọ̀ ojú omi. Inú òkun ló ti ń jẹun, ṣùgbọ́n kò lè ṣe kó má gòkè: orí àpáta tàbí iyanrìn ló ti ń sinmi, ibẹ̀ ló ń bímọ sí, ibẹ̀ náà ló sì ti ń pààrọ̀ irun. Nítorí pé kò sí nínú òkun tiwa, àwọn baba wa kò fún un lórúkọ. Bí ẹ bá rí ìwé tó túmọ̀ orúkọ rẹ̀ sí èdìdì, ọ̀rọ̀ òǹtẹ̀ ni atúmọ̀ náà gbà á sí, nǹkan méjèèjì kò sì tan mọ́ ara wọn rárá. Oríṣi méjì ló ń gbé etíkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Scotland: ọ̀kan kéré, ojú rẹ̀ rí rogodo, èyí tí n óò máa pè ní sílì etíkun, èkejì tóbi, imú rẹ̀ gùn, n óò sì máa pè é ní sílì eléérú nítorí àwọ̀ rẹ̀. Ju ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo sílì eléérú tó wà láyé lọ ló ń gbé ní Britain, èyí sì jẹ́ ìdí kan tí wọ́n fi mú kíkà rẹ̀ ní ọ̀kúnkúndùn níbẹ̀.

Kíkà náà wá ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí á mú un wá sílé. Ká ní wọ́n ní kí ẹ ka àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú, tí ẹ sì lọ dúró ní Fọlágbadé ní Ìjẹ̀bú-Òde ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ṣáá, ẹ óò rí ènìyàn, ṣùgbọ́n ẹ kò ní mọ ohun tí iye wọn túmọ̀ sí, nítorí pé òjò, ọjọ́ ọjà, ìdánwò ilé ìwé tàbí ọ̀wọ́n epo ló lè mú kí ó pọ̀ tàbí kí ó kéré. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ọjọ́ kẹta Iléyá, ọjọ́ Ojúde Ọba, ni ẹ ń kà wọ́n, tí ẹ ń kà wọ́n láti ibì kan náà, ní wákàtí kan náà, lọ́dọọdún, ọ̀rọ̀ náà ti yàtọ̀. Gbogbo ọmọ Ìjẹ̀bú kọ́ ló wà níbẹ̀; àwọn kan wà ní Èkó, àwọn kan wà lókè òkun, àwọn kan ń ṣàìsàn nílé. Ṣùgbọ́n ọjọ́ náà gan-an ni ó pọ̀ jù nínú wọn máa ń péjọ, ohun tó sì ń mú wọn péjọ kì í yí padà. Bí iye náà bá ń lọ sílẹ̀ fún ọdún mẹ́fà léraléra, ẹ ti mọ̀ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀.

Sílì etíkun náà ní Ojúde Ọba tirẹ̀. Oṣù kẹjọ ni, nígbà tí ó ń pààrọ̀ irun. Awọ ara rẹ̀ ní láti gbóná kí irun tuntun tó lè hù dáadáa, omi tútù kò sì gbà á láyè, nítorí náà ó máa ń pẹ́ lórí ilẹ̀ ju bí ó ti ń ṣe ní oṣù yòókù lọ. Àkókò yìí ni àwọn onímọ̀ láti Sea Mammal Research Unit, ẹ̀ka ìwádìí tó wà ní Yunifásítì St Andrews ní Scotland, ń gbé hẹlikọ́pítà fò lẹ́bàá etíkun pẹ̀lú kámẹ́rà tó ń rí ooru ara, nítorí pé sílì tó dùbúlẹ̀ sórí àpáta a máa jọ àpáta lójú lásán. Wọn kì í fò nígbà tó bá wù wọ́n. Wákàtí méjì ṣáájú ìgbà tí òkun bá fà sẹ́yìn pátápátá sí wákàtí méjì lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é, torí pé ìgbà náà ni àpáta ń yọ jù. Bí òjò bá sì ń rọ̀ gidi, wọn kò ní jáde, torí pé kámẹ́rà kò ní ríran dáadáa, àwọn sílì náà yóò sì ti wọ omi lọ. Etíkun Scotland gùn, ó sì kún fún erékùṣù, nítorí náà wọn kì í parí rẹ̀ ní ọdún kan. Ó tó nǹkan bí ọdún márùn-ún kí wọ́n tó yí i ká tán.

Níbi tí wọ́n bá ti kà á tán ni ìbéèrè tiyín wá ti bẹ̀rẹ̀: mélòó ló wà nínú omi tí kámẹ́rà kò rí? Bí wọ́n ṣe rí ìdáhùn sí i ni mo kà sí ọgbọ́n tó ga jù nínú iṣẹ́ yìí. Ní ìgbà mìíràn nínú ọdún, wọ́n máa ń fi gọ́ọ̀mù líle lẹ ẹ̀rọ kékeré mọ́ irun sílì, ẹ̀rọ náà a sì máa sọ ibi tó wà àti ìgbà tó gòkè fún sátẹ́láìtì. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹjọ, irun gan-an ló ń bọ́. Ẹ̀rọ tí a lẹ̀ mọ́ irun yóò bá irun lọ. Nítorí náà, wọ́n so ẹ̀rọ mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn àwọn sílì díẹ̀, wọ́n sì fi ṣọ́ wọn ní àkókò ìpààrọ̀ irun náà. Ohun tí wọ́n rí ni pé, láàárín wákàtí tí wọ́n fi ń fò yẹn, nínú sílì 100, bí i 72 ló máa ń wà lórí ilẹ̀. Bí wọ́n bá wá ka 1,000 lórí àpáta, wọn óò fi 0.72 pín in, yóò sì fún wọn ní nǹkan bí 1,390.

Ṣùgbọ́n ẹ wo òótọ́ inú tó tẹ̀ lé e, èyí tí mo fẹ́ kí ẹ fi kọ́ àwọn ọmọ yín. Nítorí pé ẹranko díẹ̀ ni wọ́n so ẹ̀rọ mọ́, wọn kò sọ pé 72 náà kò lè yẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó lè jẹ́ 54, ó sì lè jẹ́ 88. Èyí túmọ̀ sí pé 1,000 tí wọ́n kà yẹn lè dúró fún nǹkan bí 1,140, ó sì lè dúró fún nǹkan bí 1,850. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ yóò ní, kí ni ìwúlò ìṣirò tí àlàfo inú rẹ̀ tóbi tó báyìí? Ìwúlò rẹ̀ ni pé ó sọ ibi tí ìmọ̀ parí sí. Ẹni tó bá dá 1,390 nìkan sọ láìfi àlàfo náà hàn ti gba nǹkan kan lọ́wọ́ olùgbọ́ rẹ̀.

Ìdá 72 yìí kò sì bá sílì eléérú lò. Ní oṣù kẹjọ kan náà, bí i ìdá kan nínú mẹ́rin wọn péré ló ń wà lórí ilẹ̀ nígbà tí hẹlikọ́pítà bá kọjá, torí pé Ojúde Ọba tiwọn kò tíì tó. Ìgbà ìbímọ ni tiwọn. Ìgbà náà a máa yí etíkun Britain ká bí ọwọ́ aago: ní gúúsù-ìwọ̀-oòrùn, ó ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ìparí oṣù kẹjọ, ní Scotland, ó di oṣù kẹwàá, ní ìlà-oòrùn England, ó ń wọ oṣù kejìlá. Ọmọ tí a bí náà ní irun funfun gbọ̀ọ̀rọ̀gbọ̀ lára, inú omi kì í sì í ṣe ilé rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta àkọ́kọ́. Ọjọ́ 18 tàbí nǹkan bẹ́ẹ̀ ni ìyá fi ń fún un lọ́mú, ọ̀rá sì ni ó ju ìdajì wàrà náà lọ, tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ tí a bí ní kílò 14 yóò fi wọ̀n ju kílò 40 lọ kí ìyá tó fi í sílẹ̀. Nítorí náà, ọmọ ni wọ́n ń kà, kì í ṣe àgbà: ọmọ kò lè sá wọ omi, ó sì hàn kedere.

Ìṣòro kan wà níbẹ̀. Kò sí ọjọ́ kan tí gbogbo ọmọ náà ń wà nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, torí pé àwọn tí a kọ́kọ́ bí yóò ti lọ kí a tó bí àwọn ìkẹyìn. Ní erékùṣù Farne, ní àríwá ìlà-oòrùn England, níbi tí wọ́n ti ń ka ọmọ sílì láti ọdún 1952, ọgbọ́n tí wọ́n ta sí i tẹ́lẹ̀ ni pé wọ́n ń fi aró tí kò lè pa á lára kun ọmọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń yí àwọ̀ padà bí ọjọ́ ti ń lọ. Ẹni tó bá ti rí àwọn ẹgbẹ́ régbèrégbè ní Ojúde Ọba, tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan wọ aṣọ tirẹ̀, mọ ohun tí mo ń sọ: bí ọmọ aláró búlúù bá kọjá, ẹ ti mọ ìgbà tí wọ́n bí i, ẹ kò sì ní kà á lẹ́ẹ̀mejì. Láti 2018 ni wọ́n ti ń lo dróònù, ọkọ̀ òfuurufú kékeré tí kò ní awakọ̀, ní Farne, ó sì dín ìrìn láàárín àwọn ìyá kù, nítorí pé ìyá sílì tí ẹ̀rù bà lè fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀, tàbí kí ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Ọ̀nà kẹta ni ti àwòrán, mo sì rò pé èyí ni ọmọ àbúrò yín ń ṣe, nítorí pé kámẹ́rà àti sùúrù nìkan ló gbà. Àmì tó wà ní ọrùn abo sílì eléérú kì í jọ ti ẹlòmíràn, kì í sì í parẹ́ títí tí yóò fi kú, bí ilà ojú láyé àtijọ́. Ẹni tó bá ya á lónìí, tó tún ya á ní ọdún mẹ́ta òní, yóò mọ̀ pé òun kan náà ni. Bí àwòrán ṣe di iye, ẹ lè fi hàn wọ́n nínú kíláàsì yín pẹ̀lú adágún ẹja. Ẹ mú ẹja 50, ẹ fi àmì sí wọn, ẹ dá wọn padà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ tún mú 40. Bí 10 nínú 40 náà bá ní àmì, ìdá kan nínú mẹ́rin ni, a jẹ́ pé 50 tí ẹ kọ́kọ́ sàmì sí jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ẹja tó wà níbẹ̀, iye wọn sì tó nǹkan bí 200. Ṣùgbọ́n ó ní àdéhùn: àmì kò gbọdọ̀ bọ́, ẹja kò gbọdọ̀ ti wọlé tàbí jáde, àwọn tó ní àmì sì gbọdọ̀ ti dàpọ̀ mọ́ àwọn yòókù. Bí ọ̀kan nínú àdéhùn wọ̀nyí bá yẹ̀, iye náà yẹ̀.

Ẹ lè béèrè pé kí ni wọ́n ń fi gbogbo wàhálà yìí ṣe. Ní 1988, àrùn kan tó jẹ́ ìbátan àrùn tí a ń gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ fún ajá bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn sílì etíkun ní àríwá Yúróòpù, ó sì pa ju 20,000 lọ. Ó padà wá ní 2002, ó sì pa bí i 30,000. Ní ìgbà méjèèjì, ẹ̀bá erékùṣù Anholt ní Denmark ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i. Òkú tó sùn lọ etíkun ni gbogbo ayé rí. Ṣùgbọ́n láti mọ̀ bóyá àwọn tó kù tó nǹkan, àti bóyá wọ́n ń pọ̀ sí i, àfi ẹni tó ti kà wọ́n kí àrùn náà tó dé. Àrùn ti 1988 ló mú kí Denmark, Jámánì àti Netherlands fọwọ́ sí ìwé àdéhùn lórí àwọn sílì òkun Wadden, èyí tó wà ní etíkun àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ní 1990, tí wọ́n sì ń kà wọ́n papọ̀ láti òfuurufú títí di òní.

Àpẹẹrẹ kejì kò ní òkú, ìdí nìyẹn tí ó fi dùn mí jù. Ní ẹnu odò Tay, ní ìlà-oòrùn Scotland, sílì etíkun ti dín kù láti bí ọdún 2000 tó bẹ́ẹ̀ tí ìdá tó ti lọ fi ju mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá lọ, bẹ́ẹ̀ àwọn ti ìwọ̀-oòrùn Scotland kò lọ sílẹ̀. Kò sí òórùn, kò sí ariwo. Ẹni tó ń gbé ibẹ̀ ṣì ń rí sílì, torí pé sílì eléérú ń sùn sórí iyanrìn kan náà. Ìwé àkọsílẹ̀ nìkan ló fi hàn pé oríṣi kan ń lọ lábẹ́ ojú ìkejì.

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ tiwa, ẹ ó fẹ́ mọ ìdí tí sílì kò fi sí ní etíkun wa. Omi wa gbóná jù fún un. Ibi tí òkun ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà bá ti tutù, níbi tí omi ìsàlẹ̀ ti ń ru sókè pẹ̀lú oúnjẹ ẹja, ibẹ̀ ni ẹ óò ti rí i: ní gúúsù, ní etíkun Namibia àti South Africa, ní àríwá, ní Cabo Blanco, ní ààlà Mauritania àti Western Sahara, níbi tí oríṣi kan tó ṣọ̀wọ́n gan-an ń bímọ sínú ihò àpáta. Ní 1997, láàárín oṣù méjì péré, àwọn ti Cabo Blanco yìí fi bí i 300 dín kù sí nǹkan bí 100. Iye méjèèjì kò ṣeé sọ bí kò bá jẹ́ pé àwọn onímọ̀ ti ń fi àwòrán dá wọn mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kí àjálù náà tó dé. Mo mẹ́nu bà á kí ẹ má baà rò pé ọgbọ́n ilẹ̀ olótùútù nìkan ni.

Ó wá kan alábahun òkun. Olùkọ́, ẹ lè ṣe é, ó sì rọrùn ju ti sílì lọ ní ọ̀nà kan: alábahun ń fi ìwé sílẹ̀ fún yín lórí iyanrìn. Oríṣi márùn-ún ni a mọ̀ nínú òkun Nàìjíríà, ṣùgbọ́n méjì ni ẹ óò máa bá pàdé jù: èyí kékeré tí àwọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ dà bí èso ólífì, àti èyí ńlá tí kò ní ìkarahun líle lẹ́yìn, tó jẹ́ pé awọ ló bò ó, tí ìlà gígùn sì là á láti ọrùn dé ìdí. Òru ni wọ́n ń gòkè, láti nǹkan bí oṣù kẹsàn-án títí wọ oṣù kejì. Bí ẹ bá rìn ní kùtùkùtù, kí ẹsẹ̀ ènìyàn àti afẹ́fẹ́ tó pa á rẹ́, ẹ óò rí ipa rẹ̀. Ẹ fi téèpù wọn ìbú rẹ̀. Ipa èyí kékeré kì í ju bí i sẹ̀ǹtímítà 80 lọ, ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì rẹ̀ kì í sì í dọ́gba, torí pé ó ń gbé wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ti èyí ńlá lè tó mítà kan àbọ̀ sí méjì, ọwọ́ méjèèjì a sì dọ́gba bí ipa táyà kẹ̀kẹ́ tirakítọ̀.

Ẹ má ka gbogbo ipa sí ìtẹ́. Nígbà mìíràn, alábahun yóò gòkè, yóò rí iná tàbí kí ó kọ lu gbòǹgbò, yóò sì padà láìyé. Níbi tó bá ti yé, ẹ óò rí iyanrìn tí a gbẹ́ tí a sì tún bò, tó fọ́nká. Ẹ kọ wọ́n sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ fi ẹsẹ̀ fa ìlà gba àárín ipa náà kọjá, kí ẹni tí yóò rìn lọ́la má baà kà á lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ má gbẹ́ ẹyin náà. Lẹ́yìn wákàtí mélòó kan tí a yé e, ọlẹ̀ inú rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ èèpo ní òkè. Ẹni tó bá yí i po, àní pẹ̀lú èrò rere, lè pa á. Nǹkan bí 100 ẹyin ló ń wà nínú ìtẹ́ kan, wọ́n sì ń pa lẹ́yìn bí i ọjọ́ 50 sí 60.

Níbí ni ọ̀rọ̀ sílì ti wúlò fún yín. Ìtẹ́ kì í ṣe alábahun, gẹ́gẹ́ bí sílì orí àpáta kì í ṣe gbogbo sílì. Abo alábahun ńlá kan lè yé ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún sí méje láàárín ìgbà kan ṣoṣo, ní ọjọ́ mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá sí ara wọn, lẹ́yìn náà kí ó má padà wá fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta. Ìtẹ́ 20 lè jẹ́ ti ìyá mẹ́rin péré. Akọ kì í gòkè rárá, ọmọ kékeré kì í gòkè. Nítorí náà, ọdún kan kò sọ nǹkan kan. Ọdún mẹ́ta kò tíì tó. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ń dín kù gbọ́dọ̀ múra láti rin ibì kan náà fún ọdún mẹ́wàá, èyí sì ni ìdí tí inú mi fi dùn pé ilé ìwé ló fẹ́ ṣe é, torí pé akẹ́kọ̀ọ́ kan yóò jáde, òmíràn yóò sì wọlé.

Etíkun ìpínlẹ̀ Ògùn kò gùn, síbẹ̀ ẹ má gbìyànjú láti rìn ín tán. Ẹ yan kìlómítà méjì, ẹ ri òpó sí ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin rẹ̀, kí òpó náà jìnnà sí ibi tí òkun ń jẹ ilẹ̀ dé. Ẹ máa rìn ín ní bí i ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ní àwọn ọjọ́ kan náà ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ní aago mẹ́fà àárọ̀. Ẹ kọ ọjọ́ sílẹ̀, wákàtí tí ẹ bẹ̀rẹ̀ àti èyí tí ẹ parí, iye ẹni tó rìn, bí òkun ti rí, ìbú ipa, iye ìtẹ́, àti iye ipa tí kò ní ìtẹ́. Bí ẹ kò bá rí nǹkan kan, ẹ kọ òdo.

Òdo yìí ni mo ṣèlérí láti sọ̀rọ̀ lé lórí. Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, mo rin apá etíkun kan fún ọdún mẹ́ta gbáko, tìfẹ́tìfẹ́, mo sì ń kọ gbogbo alábahun tí mo bá rí. Ọjọ́ tí n kò bá rí nǹkan kan, n kì í kọ nǹkan kan, torí mo rò pé òfo ni. Nígbà tí mo jókòó láti ṣe ìṣirò, mo rí ìtẹ́ 11 ní ọdún àkọ́kọ́ àti 4 ní ọdún kẹta, àyà mi sì já. Ṣùgbọ́n n kò lè sọ bóyá ẹranko náà ló dín kù ni tàbí èmi ni n kò lọ síbẹ̀ dáadáa ní ọdún kẹta, nígbà tí ìyá mi ń ṣàìsàn ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ọjọ́ tí mo rìn tí n kò rí nǹkan kan àti ọjọ́ tí n kò rìn rárá ti di ọ̀kan náà nínú ìwé mi. Ọdún mẹ́ta lọ báyẹn, kò sì sí ọ̀nà àtirí i gbà padà. Ó ṣì ń dùn mí.

Ẹ kò ní dá etíkun náà rìn láìbá àwọn onílé sọ̀rọ̀. Ẹ kọ́kọ́ lọ kí baálẹ̀ àti àwọn apẹja, ìbáà jẹ́ Ìjẹ̀bú, Ìlàjẹ tàbí Ègùn, kí ẹ tó ri òpó kankan. Àgbàlagbà kan lè sọ fún yín pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, pàápàá bí ó bá rò pé ìjọba ló rán yín wá láti gba àwọ̀n rẹ̀. Ẹ má bá a jiyàn. Ẹ fi ìwé yín hàn án, ẹ jẹ́ kó rí i pé orúkọ ẹnikẹ́ni kò sí nínú rẹ̀, kí ẹ sì béèrè ohun tó mọ̀, torí pé ẹni tó ti ń da àwọ̀n láti ogójì ọdún lè sọ ìgbà tí èyí ńlá máa ń dé àti ibi tó fẹ́ràn, kí ẹ tó rí ipa kan. Òótọ́ ni pé òfin Nàìjíríà ti 1985 lórí àwọn ẹranko tó wà nínú ewu, èyí tí wọ́n tún ṣe ní 2016, kò fàyè gba pípa alábahun òkun tàbí títà á. Ṣùgbọ́n bí òfin bá jẹ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ lẹ́nu yín, kò sí ẹni tí yóò sọ fún yín mọ́ pé alábahun wọ inú àwọ̀n òun, ìròyìn náà sì jẹ́ apá pàtàkì nínú ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀.

Ní ti manatí, ẹran ńlá ajẹko tó ń gbé inú ọ̀sà Lekki lẹ́bàá yín níbẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ ná. Omi ọ̀sà kò mọ́ gaara, ẹran náà kì í gòkè sí orí ilẹ̀, imú rẹ̀ nìkan ló ń yọ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ó sì ń farapamọ́ sábẹ́ ojú oró. Ẹ̀rọ tó ń fi ìró wo abẹ́ omi ni àwọn onímọ̀ ń lò fún un, owó rẹ̀ sì ga. Bí ẹ bá rí koríko etí omi tí a já láti ojú omi lọ sísàlẹ̀, tí kò sì sí màlúù tó lè dé ibẹ̀, ẹ kọ ọjọ́ àti ibẹ̀ sílẹ̀. Ìyẹn tó fún ìsinsìnyí.

Ohun kan tí àwọn akàsílì kì í ṣeré pẹ̀lú ni ìtòsí. Bí sílì bá ti gbé orí sókè tó ń wò yín, ẹ ti sún mọ́ ọn jù. Fún alábahun, kò sí iná tọ́ọ̀ṣì funfun, kò sí fóònù tí ń tàn, kò sí ọmọ tí yóò gun un lẹ́yìn ya fọ́tò. Bí ẹ bá bá a níbi tó ti ń yé, ẹ jókòó sẹ́yìn rẹ̀ ní ìdákẹ́jẹ́ títí tí yóò fi padà sínú òkun. Àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá wà ni wọ́n ń lọ, torí pé ojú òkun ló máa ń tàn jù lóru. Iná ilé etíkun a sì máa ṣì wọ́n lọ́nà.

Ẹ sọ fún ọmọ àbúrò yín kí ó fi fọ́ọ̀mù òfìfo tí wọ́n ń kọ iye sílì sí ránṣẹ́ sí yín, kì í ṣe àwòrán nìkan. Ẹ óò rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ohun tí mo kọ sókè mu. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù kẹsàn-án, ẹ ó ti mọ ọ̀nà kí àwọn ìyá tó máa gòkè léraléra. Nígbà tí oṣù kan bá pé, ẹ fi ẹ̀dà ìwé náà ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú gbogbo òdo inú rẹ̀.